Bàálù onífáànù tí wọ́n ń kàn nínú géèmù ní Òkè-Odò

Ta ni kò mọ ariwo bàálù ní Òkè-Odò, ní Alímọ̀ṣọ́, Èkó? Láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkòtún, títí lọ dé Ìgàndò, pápákọ̀ òfúrufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá bi wá ní ohun tó gbé irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dúró sójú òfúrufú, ọ̀pọ̀ wa ò ní rí èsì fọ̀. Àwọn tó ti ń fọwọ́ ara wọn wá èsì náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi géèmù kan bàálù. Kì í ṣe géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn ni mò ń sọ. Irú SimplePlanes orí fóònù ni, tàbí X-Plane orí kọ̀ǹpútà, níbi tí èèyàn ti máa to bàálù tirẹ̀ láti imú dé ìrù, kó tó gbé e jáde lọ dán wò.

Bàálù onífáànù ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó ń ṣe hàn sójú. Ẹ wo fáànù orí tábìlì lọ́jọ́ tí iná bá wá. Bó ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni afẹ́fẹ́ ń ti òun náà sẹ́yìn. Bí ìdí rẹ̀ bá fúyẹ́, tí ilẹ̀ sì ń yọ̀, á máa sún díẹ̀díẹ̀. Fáànù bàálù ń ti afẹ́fẹ́ sẹ́yìn ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń ti bàálù síwájú. Àwọn ọmọ ìyá Wright, tí wọ́n fò ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, ti mọ̀ pé apá fáànù kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ìyẹ́ bàálù, àfi pé yíyí ló ń yí. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré ni wọ́n lò lókè nígbà àkọ́kọ́, nǹkan bíi mítà 37, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ni fáànù tó gbé wọn.

Orí ìmọ̀ yìí gan-an ni Austin Meyer, ará Amẹ́ríkà, gbé X-Plane kà. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù míì, wọ́n ti kọ ìwà bàálù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú: bó bá sáré báyìí, kó ṣe báyìí. X-Plane kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gé ìyẹ́ àti apá fáànù sí wẹ́wẹ́, á ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ègé kọ̀ọ̀kan, á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọgbọ́n náà ti pẹ́. William Froude, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, ti dá a lábàá láti 1878. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò bi ọ́ bóyá irú bàálù bẹ́ẹ̀ wà láyé. Bí o bá ṣe yà á ni yóò ṣe fò, tàbí ni yóò ṣe já.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi fáànù gbàǹgbà síwájú, torí wọ́n gbà pé bó bá ṣe tóbi tó ni agbára rẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Fáànù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2, tó ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, ṣóńṣó apá rẹ̀ ń sá tó mítà 262 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìbú náà bá di mítà 3, tí yíyí rẹ̀ kò sì dín kù, ṣóńṣó á di mítà 393. Ìró fúnra rẹ̀ kì í sá ju nǹkan bíi mítà 350 lọ nínú ooru Èkó. Tí ṣóńṣó fáànù bá ti ya ìró sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á ṣùpọ̀ níwájú rẹ̀, ariwo á gbalẹ̀, agbára ẹ́ńjìnì á sì máa ṣòfò.

Ìyàlẹ́nu tó tún ju ìyẹn lọ ń bọ̀. Bàálù dúró lójú ọ̀nà, imú rẹ̀ tọ́. Ọmọ ti agbára ẹ́ńjìnì dé òkè pátápátá, bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó sì ń yà sósì, ó ń yà sósì, títí ó fi wọ inú koríko. Á ní géèmù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ fáànù bàálù ń yí sọ́tùn-ún lójú awakọ̀, ara bàálù á wá fẹ́ yí sósì, táyà òsì á tẹ ilẹ̀ ju tọ̀tún lọ. Afẹ́fẹ́ tí fáànù ń jù sẹ́yìn náà kì í lọ tààrà. Ó ń lọ́ yí ara bàálù ká, ó sì ń gbá ìrù láti ẹ̀gbẹ́ òsì. Ìrù á lọ sọ́tùn-ún, imú á wá sósì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni awakọ̀ gidi fi ń tẹ ìtọ́kọ̀ kí bàálù lè tọ́.

Ìwúwo náà ńkọ́? SimplePlanes máa ń fi àmì ibi tí ìwúwo bàálù dúró lé hàn, àti àmì ibi tí ìyẹ́ ti ń gbé e sókè. Ti ìwúwo gbọ́dọ̀ ṣáájú díẹ̀. Bó bá bọ́ sẹ́yìn, imú á ṣàdéédéé kọjú sókè, ìyẹ́ á pàdánù afẹ́fẹ́, ó di ilẹ̀. Torí èyí ni wọ́n ṣe ń wọn ẹrù, tí wọ́n sì ń pín ibi tí èrò máa jókòó sí nínú bàálù kékeré.

Kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Ilé-iṣẹ́ Ológun Òfúrufú Nàìjíríà mú RV-6A, bàálù tí Van's Aircraft ní Amẹ́ríkà ń tà nígbà náà ní títú fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní Kàdúná, wọ́n sì pè é ní Air Beetle. Ìjókòó méjì, fáànù kan níwájú, láti fi kọ́ awakọ̀ tuntun. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kan bàálù ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ, wọ́n á sì kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé bàálù àdánwò ni. Ní 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Bayero University, Kano, fi ògbólógbòó ẹ̀yà mọ́tò àti ọ̀kadà kan hẹlikópítà tó gbéra díẹ̀ nílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló fi dán an wò. Ọmọ tó ń fi géèmù kan tirẹ̀ lè já bọ́ láàárọ̀, kó tún já bọ́ lálẹ́, kó sì jẹun ní àárín méjèèjì.

Géèmù ò lè sọ fún un bóyá ìṣó tí wọ́n fi kan irin mú dáadáa, tàbí pé omi ti wọ epo. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

FlightGear, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kọ, ọ̀fẹ́ ni, pápákọ̀ wa ní Ìkẹjà sì wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ físíìsì ní Alímọ̀ṣọ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wọn. Kí àwọn ọmọ gbé bàálù onífáànù kan síbi ọ̀nà Ìkẹjà tó gùn ní mítà 3,900, kí wọ́n fi ooru sí 15°C, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi sí 33°C, kí wọ́n sì kọ iye mítà tí bàálù sá kó tó gbéra sílẹ̀ nígbà méjèèjì. Ti ooru 33 ló máa gùn jù, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́: ìyẹ́ ń rí díẹ̀ dì mú, fáànù ń rí díẹ̀ tì, ẹ́ńjìnì náà sì ń rí díẹ̀ mí.