Ó Dàárọ̀ Tàbí Ó Dàárò? Ètò Kọ̀ǹpútà Tó Yẹ Ká Fi Kọ Yorùbá Sára Aṣọ

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sí Iléṣà wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lẹ́yìn tó dọ̀bálẹ̀ tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, nínú CorelDRAW, Illustrator, Inkscape àti Affinity, èwo ni kí n fi owó àti àkókò mi kọ́? Aṣọ ẹgbẹ́, T-shirt àti fìlà ni mo fẹ́ máa tẹ̀." Ẹ̀rín pa mí. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni, mi ò kí ń ṣe dísáínà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn mí ju bó ṣe rò lọ, mo sì ṣèlérí pé màá kọ ìdáhùn mi síbí, kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi kàn mí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi papòdà ní Itagunmodi (mo kọ orúkọ ìlú náà bí ìwé ìjọba ṣe máa ń kọ ọ́, láìfi àmì sí i, ìyẹn náà wà lára ẹjọ́ mi), àwa ọmọ ní kí wọ́n bá wa tẹ T-shirt 80 fún ìsìnkú. Ohun tí a ní kí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀ ni: Ó DÀÁRỌ̀, ÌYÁ WA. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo fi gbogbo àmì sí i, mo sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú la tó tú àpò. Ohun tó wà lára aṣọ ni: Ó DÀÁRÒ, ÌYÁ WA.

Ẹ wò ó dáadáa. Àmì kan ṣoṣo ló sọnù, èyí tó wà lábẹ́ Ọ tó gbẹ̀yìn. Ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n "ó dàárọ̀" ni à ń sọ fún ẹni tó ń lọ sùn, tí a sì nírètí pé a ó tún fojú kàn án nígbà tílẹ̀ bá mọ́. "Àárò" ni ohun tó ń sọ ẹni tí kò rí ẹni rẹ̀ mọ́. Àbúrò olóògbé, tí òun náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kà á sókè, ó ní, "Àárò lẹ kọ síbẹ̀? Ẹ ò purọ́. Ó ti ń sọ mí." Ló bá wọ̀ ọ́. Gbogbo wa wọ̀ ọ́. Àmọ́ ó dùn mí dọ́kàn, torí pé ìrètí la fẹ́ fi sin ìyá náà.

Nígbà tó yá, mo lọ bá ẹni tó tẹ aṣọ náà. Mi ò lọ jà o. Mo fẹ́ mọ ibi tí àmì náà gbà sọnù ni. Ó ṣí fáìlì náà hàn mí. Fọ́ǹtì aláràbarà kan tó wá láti Yúróòpù ló lò. À, Á, Ì, Ó àti Ò wà nínú rẹ̀, torí pé àwọn èdè bíi ti Ítálì àti Spéènì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n Ẹ, Ọ àti Ṣ kò sí níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí Ọ̀ wà, àpótí òfìfo ló jókòó síbẹ̀. Ọmọ náà wá èyí tó jọ ọ́ jù, ó rí Ò, ó fi dí àlàfo. Kò mọ̀ pé òun ti yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìṣòro kejì tún wà tó jinlẹ̀ ju ti fọ́ǹtì lọ. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, Ẹ, Ọ àti Ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. À àti É náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n Ẹ́ àti Ọ̀ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ Ọ sílẹ̀ ná, kó tó wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun kejì. Ta ló máa sọ fún àmì náà ibi tó máa jókòó? Fọ́ǹtì ló mọ ibẹ̀, ètò tí a fi ń ya iṣẹ́ ló sì máa gbọ́ràn sí fọ́ǹtì lẹ́nu. Tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kùnà, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó gún lẹ́tà náà láyà. Ṣé ẹ wá rí i pé ìbéèrè ọmọ yẹn, ìbéèrè èdè ni?

Kí n tó dé orí ètò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó pa wọ́n pọ̀. Fọ́tò inú kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ jù, á di bàìbàì. Ní tàwọn ètò wọ̀nyí, ìlà ni wọ́n ń tọ́jú: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe tẹ̀, ibi tó parí sí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kan náà fi lè wà lára fìlà lónìí, kó sì wà lára bánà ẹnu ọ̀nà lọ́la, tí etí rẹ̀ á ṣì mú. Ó tún rọrùn láti ya àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, torí pé ẹni tó ń fi síkírìn tẹ aṣọ nílò síkírìn kan fún àwọ̀ kan.

CorelDRAW jáde láti Kánádà ní 1989. Láti Ṣómólú l'Ékòó títí dé Òṣogbo, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tí mo ti wọ̀, òun ni mo ń bá níbẹ̀. Ìwọ̀n bébà, ìlà gígé, yíya àwọ̀ sọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nítòsí ọwọ́. Àléébù rẹ̀ fún wa ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ṣì ń lo ẹ̀dà àtijọ́. Ẹ̀dà X6, tó jáde ní 2012, ni wọ́n ti tún ọ̀nà tó ń gbà to lẹ́tà ṣe kó lè bá OpenType mu, ìyẹn ìlànà tó ń gbé àmì sí ààyè rẹ̀. Nínú èyí tó dàgbà ju ìyẹn lọ, ẹ máa fi ọwọ́ ti àmì lọ ti àmì bọ̀ ni. Fáìlì tí ẹ fi ẹ̀dà tuntun ṣe kì í sì í ṣí nínú ti àtijọ́, àfi tí ẹ bá dìídì tọ́jú rẹ̀ fún ẹ̀dà àtijọ́ ọ̀hún. Owó rẹ̀ kò kéré, ló jẹ́ kí àwọn kan máa lo ẹ̀dà ayédèrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yín. Ó lè dákú mọ́ yín lọ́wọ́ ní ọ̀la-ni-ìnáwó.

Illustrator ni àgbà wọn. Adobe gbé e jáde ní 1987. Ó lágbára, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló sì ń lò ó jù. Ṣùgbọ́n a kì í rà á tán. Owó rẹ̀ la ó máa san lóṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, ẹ sì mọ bí dọ́là ṣe ń ṣe náírà. Ẹni tó bá ní in kó lọ sí ibi ìṣètò ọ̀rọ̀ kíkọ, kó yan èyí tí wọ́n ṣe fún èdè Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn àti Gúúsù Éṣíà. Ó yani lẹ́nu, àbí? Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ará ibẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí.

Inkscape, ọ̀fẹ́ ni. Láti 2003 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ṣe é. Òun ló ń gbé àmì ohùn Yorùbá sí ààyè rẹ̀ láìsí wàhálà, tí fọ́ǹtì bá ti dára. Ẹni tó ń ṣe mọnógíráàmù tún lè fi Ink/Stitch kún un, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, kó fi sọ ìlà di ojú abẹ́rẹ́. Ibi tó kù sí ni àwọ̀. Àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́; kò ì tíì gbọ́ èdè yíǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ń lò bí CorelDRAW ṣe gbọ́ ọ. Fún T-shirt aláwọ̀ kan tàbí méjì, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Fún kàlẹ́ńdà tàbí ìwé ètò ìsìnkú tó kún fún fọ́tò, ó já mọ́ nǹkan gan-an.

Affinity ni àbíkẹ́yìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti jáde ní 2014. Canva rà á ní 2024, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kẹwàá 2025. Ó gbọ́ èdè yíǹkì mẹ́rin, ó sì yẹ ní gbígbìyànjú.

Ìdáhùn mi sí ọmọ náà rèé: kọ́ CorelDRAW, torí òun ni ọjà ń ná, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ Yorùbá, fi Inkscape kọ ọ́ tí ẹ̀dà CorelDRAW tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ti dàgbà. Èyíkéyìí tó o bá sì yàn, nǹkan márùn-ún yìí ló máa gba orúkọ oníbàárà sílẹ̀.

Èkíní, yan fọ́ǹtì tó mọ Yorùbá. Noto, Gentium àti Charis mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Kó o tó lo fọ́ǹtì mìíràn, fi gbólóhùn yìí dán an wò, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré: Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀kọ tán, ó ń lọ sí Ọ̀ṣun. Tí àpótí kan bá yọjú, tàbí tí àmì kan bá fò, wá òmíràn.

Èkejì, tọ́jú ẹ̀dà kan tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì ṣeé tún kọ.

Ẹ̀kẹta, nínú ẹ̀dà tí ò ń gbé lọ fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, sọ ọ̀rọ̀ di ìlà: Ctrl+Q nínú CorelDRAW, Ctrl+Shift+O nínú Illustrator, Ctrl+Shift+C nínú Inkscape. Kó o wá tọ́jú rẹ̀ sí PDF. Lẹ́yìn ìyẹn, fọ́ǹtì kan kò lè fa Ọ tu mọ́ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, torí pé Ọ ti di àwòrán.

Ẹ̀kẹrin, mú àmì abẹ́ nípọn. Ihò síkírìn máa ń gbé àmì tó bá tín-ín-rín jù mì, òwú mọnógíráàmù kì í sì í lè ran ohun tí kò tó nǹkan bíi mìlímítà kan dáadáa.

Ẹ̀karùn-ún, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ná, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kà á sókè kí yíǹkì tó kan aṣọ. Ká ní mo ti ṣe èyí ni, mi ò bá máà ní ìtàn sọ lónìí. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, mi ò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ṣé àwọn èèyàn tiẹ̀ ń wo àmì?" Mo ní kó lọ wo aṣọ tí wọ́n ń tà lóṣù kẹjọ nígbà ọdún Ọ̀ṣun-Òṣogbo. OSUN ló pọ̀ lára wọn. Ẹni tó mọ odò yóò kà á sí Ọ̀ṣun. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó, tó fẹ́ fi aṣọ yẹn kọ́ orúkọ òrìṣà ìlú ìyá rẹ̀, kí ni yóò fi mọ̀ pé kì í ṣe osùn tí à ń fi kun ara? Ohun tí a bá tẹ̀ sára aṣọ, ìwé kíkà ni fún ẹlòmíràn.

T-shirt ìsìnkú yẹn ṣì wà nínú àpótí mi. Mi ò ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá kan èyí tí ẹ máa tẹ̀ fún èmi náà lọ́jọ́ kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí abẹ́ Ọ.