Thamesmead: Àdúgbò Tí Owó Ilé Rẹ̀ Kò Ga, Àti Ohun Tó Ń Náni Gan-an

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní Lọ́ńdọ̀nù bá délẹ̀ láàárín àwa ọmọ Yorùbá, ìbéèrè kan náà ló máa ń ṣíwájú: "Èló ni wọ́n ń gba owó ilé níbẹ̀?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún márùn-ún tí èmi àti ìdílé mi ti ń gbé ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, mo ti rí i pé ìbéèrè náà nìkan kò tó. Àdúgbò tí owó ilé rẹ̀ mọ níwọ̀n ní owó mìíràn tí a kì í kọ sínú ìwé àdéhùn. Ó sì ní èrè tí ájẹ́ǹtì kankan kò lè fi polówó. Ẹni tó bá ń ronú àtikó lọ sí irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ka méjèèjì pọ̀.

Ìlú tí wọ́n kọ́ sórí àbàtà

Ilẹ̀ àbàtà létí odò Thames ni Thamesmead tẹ́lẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ọba tó wà ní Woolwich ló ń lo apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí àìtó ilé ń yọ Lọ́ńdọ̀nù lẹ́nu ni ìjọba ìlú náà pinnu láti kọ́ ìlú tuntun síbẹ̀, àwọn ayálégbé àkọ́kọ́ sì wọlé ní ọdún 1968. Àwọn tó ya àwòrán ilé náà kò gbàgbé ìkún omi ọdún 1953, èyí tó pa ènìyàn tó lé ní 300 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, nínú àwọn ilé kọnkéré àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí, òkè ni ènìyàn ń gbé, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n sì fi so ilé kan mọ́ èkejì. Wọ́n ṣe adágún omi, wọ́n sì la ojú omi kéékèèké láàárín àdúgbò.

Ohun tí kò dé ni ọkọ̀ ojú irin. Títí di òní, kò sí ibùdókọ̀ rélùwéè kankan nínú Thamesmead fúnra rẹ̀. Nígbà tí Stanley Kubrick tún lo etí adágún Southmere fún fíìmù A Clockwork Orange, tó jáde ní 1971, àwọn ilé kọnkéré náà di àwòrán ìwà ipá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀nà tó jìn àti orúkọ tí kò dára wà lára ohun tó jẹ́ kí irú wa lè rí ilé san níbẹ̀.

Owó tí kò sí nínú ìwé àdéhùn

Owó àkọ́kọ́ ni àkókò. Ẹni tó ń gbé àárín Thamesmead gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abbey Wood, Plumstead tàbí Woolwich kó tó rí ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ìyàwó mi ń ṣe. Aago méje òwúrọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, aago márùn-ún ààbọ̀ ló sì ń jáde nílé. Bí ẹ bá ka wákàtí tí ẹ ń lò lójú ọ̀nà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ sì fi iye tí wọ́n ń san fún yín ní wákàtí kan sọ ọ́ di owó, ẹ ó rí i pé apá kan lára èrè owó ilé náà ti bá ọ̀nà lọ. Ohun tó dín in kù ni pé owó bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ènìyàn ń san láàárín wákàtí kan, bó tilẹ̀ pààrọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sì í san kọ́bọ̀.

Owó kejì ni òtútù àti ọ̀rinrin. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ wa, nǹkan dúdú bí èédú bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára ògiri lẹ́yìn ibùsùn àwọn ọmọ. Onílé wa ní aṣọ tí a ń sá sínú ilé ló fà á, ó ní kí a máa ṣí fèrèsé. A ṣí fèrèsé, owó iná ròkè, nǹkan dúdú náà kò sì lọ. Àbíkẹ́yìn mi ń wúkọ́ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí irú nǹkan yìí nínú ilé tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ó mú un ní dandan fún àwọn àjọ tó ń pèsè ilé àwùjọ láti wádìí irú ewu bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe láàárín gbèdéke àkókò. Ọwọ́ aládàáni ni àwa ti gba ilé tiwa, nítorí náà ìwé kíkọ ni ohun ìjà wa. A ya fọ́tò, a kọ ọjọ́ sílẹ̀, a sì ń fi lẹ́tà ránṣẹ́. Lẹ́yìn lẹ́tà kẹrin, tí mo fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí káńsù, ni onílé tó rán òṣìṣẹ́ wá fi ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin jáde sínú ilé.

Owó kẹta, àwọn tó ṣáájú wa ló san án. Ní oṣù Kejì ọdún 1991, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ funfun gún Rolan Adams, ọmọ ọdún 15, pa ní Thamesmead, nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1993 ni wọ́n pa Stephen Lawrence ní Eltham, tí kò jìnnà sí wa. Àwọn ìdílé adúláwọ̀ tó dúró láìfi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà ló la ọ̀nà tí àwa ń rìn lónìí. Mo ti sọ ìtàn náà fún àkọ́bí mi, kó má ba à rò pé bí àdúgbò ṣe rí lónìí ló ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èrè tí a kò lè fi owó rà

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lè ra iṣu, èlùbọ́, ata rodo àti pọ̀nmọ́ láìsọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan. Ní ọjọ́ Àìkú, ìlù a máa dún láti inú àwọn ilé ìkẹ́rùsí tí àwọn ìjọ wa sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Igbó Lesnes, níbi tí àwókù ilé àwọn àlùfáà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1178 wà, kò jìnnà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyá àgbà kan láti Ìjẹ̀bú ń gbé lókè wa. Màmá Òkè ni àwọn ọmọ mi ń pè é. Òun ló ń lọ mú wọn nílé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ká èmi àti ìyàwó mi mọ́. Kò gba kọ́bọ̀ rí. Ohun tó ń béèrè ni pé kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀, kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fi Yorùbá dá òun lóhùn. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń gbà láti tọ́jú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò mọ bí ẹ̀bùn yìí ti tó. Ìdílé mẹ́wàá la jọ ń dá àjọ, láti inú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wa ti rí owó ìdógò ilé san. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló yí wa ká. Bàbá aláwọ̀ funfun kan tó ti ń gbé ibẹ̀ láti kékeré kò tíì lè pe orúkọ mi dáadáa, síbẹ̀ òun ló ń gbé àpótí ìdọ̀tí wa jáde nígbàkigbà tí a bá rìnrìn àjò.

Nígbà tí ọ̀nà là

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Abbey Wood. Ìṣẹ́jú 11 ni ó ń lò dé Canary Wharf. Àjọ Peabody, tí ọ̀pọ̀ ilé àti ilẹ̀ Thamesmead bọ́ sí lọ́wọ́ ní 2014, ń wó lára àwọn ilé àtijọ́, ó sì ń kọ́ tuntun. Ilé ìkàwé tó dára wà létí Southmere báyìí. Inú wa dùn sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti ń là ni owó ilé ń gòkè. Lọ́dún tó kọjá, onílé wa fi 200 pọ́n-ùn kún owó oṣù.

Èmi àti ìyàwó mi jókòó ṣe ìṣirò. Ilé kan wà ní ìlú kékeré kan ní Kent tí ì bá dín ìnáwó wa kù. Ṣùgbọ́n kò sí Màmá Òkè níbẹ̀, kò sí àjọ, ìyàwó mi yóò sì máa jí ṣáájú aago mẹ́rin. A pinnu láti dúró ní ọdún kan sí i. Àwọn mẹ́ta nínú ìdílé tí a jọ ń dá àjọ kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe, wọ́n ti kó lọ. Àwọn tó gbé àdúgbò náà nígbà tí kò wu ẹnikẹ́ni ni ó ń kọ́kọ́ ṣòro fún láti dúró nígbà tó wu gbogbo ènìyàn.

Bí ẹ bá fẹ́ yan àdúgbò

Ẹ lọ wo ilé náà ní ọjọ́ òjò, kí ẹ sì fọwọ́ kan ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ wọ ọkọ̀ láti ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ yín ní àkókò tí ẹ ó máa lọ gan-an. Owó ìdógò kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, àfi bí owó ilé ọdún kan bá tó 50,000 pọ́n-ùn. Láàárín ọjọ́ 30 ni onílé sì gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó sì fún yín ní ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ béèrè owó-orí káńsù pẹ̀lú. Thamesmead pín sí abẹ́ káńsù méjì, Greenwich àti Bexley, nítorí náà ohun tí aládùúgbò kan ń san lè yàtọ̀ sí ti èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, kí ẹ kí i, kí ẹ sì bi í bí ibẹ̀ ti rí. Ènìyàn ni aṣọ, pàápàá ní ilẹ̀ òtútù. Bí ẹ bá sì ti kó dé, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ aṣọ fún ẹlòmíràn.