Kí Ẹ Tó Fi Owó Pápá Ránṣẹ́: Bí a ṣe ń yá pápá bọ́ọ̀lù ní Lẹkki àti Ajah

Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ wa, àkọsílẹ̀ ohun tí mo sọ nìyí. Ẹ kà á, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gba owó bọ́ọ̀lù jọ nínú grúùpù yín.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà, àwa mẹ́rìnlá dá owó, ẹnì kọ̀ọ̀kan ₦3,000. Ọwọ́ mi ni gbogbo ₦42,000 náà wà. Mo fi ₦40,000 san wákàtí méjì ní pápá kan lágbègbè Ajah, mo ní ká fi ₦2,000 tó kù ra omi. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, omi ti gba ojú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ò sì ṣeé gbé nínú pápá. Mo pe ẹni tó ń bójú tó o.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè sún wa sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?"

"Àbúrò mi, a kì í dá owó padà o. Èmi kọ́ ni mo rọ òjò."

Mo yẹ ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí WhatsApp wò látòkè délẹ̀. Iye owó, nọ́ńbà àkáǹtì àti "God bless" nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè dì mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan nínú grúùpù ti ń béèrè bóyá mo tiẹ̀ san owó náà rárá. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí ọ̀rọ̀ owó àdápọ̀ ṣe máa ń rí.

Kí gan-an là ń yá?

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ilẹ̀ là ń yá. Rárá o, àkókò ni. Wákàtí ni ẹni tó ni pápá ń tà, wákàtí tó bá sì ti kọjá lófo, kò ṣeé tà mọ́. Ìdí nìyẹn tí aago márùn-ún tí ẹ gbà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, ì báà jẹ́ Jákàńdè lẹ ṣì há sí. Àwọn tó san fún aago méje ti ń na ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà.

Nítorí náà, ẹ fi ojú ọ̀nà ṣe ìṣirò. Tí Lekki Phase 1 bá ni púpọ̀ nínú yín ń gbé, tí pápá sì wà ní Ṣàngótẹ̀dó, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kì í ṣe tiyín. Gbogbo ẹni tó ń ti Island bọ̀ wálé lẹ máa bá lórí Lekki-Epe Expressway. Aago mẹ́jọ alẹ́ tàbí kùtùkùtù Sátidé sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú ọ̀sán gangan tàn yín. Koríko ike ni turf, yanrìn àti hóró rọ́bà sì ni wọ́n sábà máa ń dà sáàárín rẹ̀. Oòrùn máa ń mú un gbóná ju koríko gidi lọ.

Bàtà ńkọ́? Eyín gígùn abẹ́ bàtà lè há sínú turf: ẹsẹ̀ á dúró, orúnkún á yí. Ìyẹn ló fi yẹ kí ẹ wọ bàtà tí eyín rẹ̀ kúrú, tó sì pọ̀.

Ìbéèrè márùn-ún kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ bi wọ́n lórí WhatsApp, kí wọ́n sì fèsì níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí a sọ nìyí o, àbí?"

1. Tí òjò bá rọ̀ débi pé pápá ò ṣeé lò, ṣé ẹ máa sún wa síwájú ni, àbí ẹ máa dá owó padà?
2. Tí àwa bá fẹ́ yí ọjọ́ padà, ọjọ́ mélòó ló yẹ ká ti sọ ṣáájú?
3. Ṣé owó iná alẹ́ wà nínú rẹ̀? Tí NEPA bá mú iná lọ, ta ló ń ra dísù?
4. Ṣé ẹ ń gba owó caution? Kí ló lè mú kí ẹ má dá a padà, ìgbà wo lẹ sì máa ń dá a padà?
5. Ṣé bọ́ọ̀lù àti aṣọ ìyàtọ̀ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀? Èèyàn mélòó lè wọlé?

Kí ni òfin sọ?

Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti ọdún 2018. Abala 120 rẹ̀ sọ pé oníbàárà lè fagi lé àyè tó ti gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni iṣẹ́ lè yọ owó tó bójú mu. Kí ló ń jẹ́ owó tó bójú mu? Wọ́n á wo irú iṣẹ́ náà, bí ẹ ṣe tètè sọ tó, bóyá ó lè rí oníbàárà mìíràn tó bá sapá, àti àṣà àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sọ lọ́jọ́ Ajé pé òun ò ní lè wá ní Sátidé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó sọ ọ́ nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, "No refund" ara ògiri nìkan kò parí ọ̀rọ̀.

"Play at your own risk" náà ní ààlà. Abala 129 kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi àdéhùn bọ́ lọ́wọ́ àìbìkítà tó burú jáì. Tẹ́ ẹ bá fi orúnkún gbo nílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín. Wáyà iná tó wà níhòòhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yàtọ̀ síyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó ni pápá sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Tí kò bá gbọ́, LASCOPA ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti FCCPC ti ìjọba àpapọ̀ ń gba ẹ̀sùn oníbàárà. Rìsíìtì àti screenshot ni ẹ̀rí yín.

Lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù

Kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù kankan, ẹ fi fóònù ya fídíò àwọ̀n, òpó góòlù, wáyà àti ojú pápá. Ìṣẹ́jú kan ni. Tí wọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ ya àwọ̀n, fídíò yẹn ló máa gba owó caution yín padà.

Èmi ńkọ́? Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yẹn. Mo ní a ò bínú, ṣùgbọ́n pápá ò ṣeé lò. Ó fún wa ní wákàtí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Wákàtí kejì wọgbó. Látìgbà náà, ẹni méjì ló ń rí àdéhùn kí owó tó jáde, rìsíìtì sì ń wọ grúùpù kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Kò sẹ́ni tó fura sí mi mọ́.

Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin tèmi. Ẹ wọ bàtà tó yẹ o.