Kí ló fà á tí ìdìbò fi ń di ìjà?

Wọ́n dá ìjọba tiwa-n-tiwa sílẹ̀ kí ará ìlú lè pààrọ̀ olórí wọn láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìdìbò ni ó yẹ kí ó rọ́pò ọfà àti ìbọn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ti ń dìbò fún ọdún pípẹ́, ìjà kò tíì kúrò nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí kan àwa tí a wà ní Doguè, Manigri àti Bassila gbọ̀ngbọ̀n, nítorí bí wọ́n bá dí ọ̀nà ní Bantè, ọjà tiwa náà ni wọ́n dí.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, Àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè wáyé ní Cotonou, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni alága rẹ̀. Ní ọdún 1991, Nicéphore Soglo borí Ààrẹ Mathieu Kérékou nínú ìbò. Kérékou gbà, ó lọ sílé. Ní ọdún 1996, ó padà wá díje, ó sì borí Soglo. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó pàdánù mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ fún òun lọ́la.

Ní ọdún 2019, ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin tuntun ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan san 249 mílíọ̀nù owó CFA kí ó tó lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ó sì ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè kí ó tó ní àga kan. Ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà láyè ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ Patrice Talon. Wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, nǹkan bí 27 ni ó dìbò. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ìbọn dún ní Cadjèhoun, nítòsí ilé Ààrẹ àná Boni Yayi, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní oṣù kẹfà, ìjà tún bẹ́ ní Tchaourou àti Savè.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ọ̀rọ̀ náà tún padà wáyé. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ di Ààrẹ gbọ́dọ̀ rí àtìlẹ́yìn aṣòfin tàbí olórí kọmúùnù 16, bẹ́ẹ̀ ọ̀wọ́ ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn ti wá. Àwọn ọ̀dọ́ gbé igi dí ọ̀nà, àwọn ọmọ ogun sì yìnbọn ní Savè ní ọjọ́ 8 oṣù náà, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìbò. Ìgbà kajú ni oṣù kẹrin jẹ́ fún wa. Àgbẹ̀ tí kò mọ ohunkóhun nípa òfin ìdìbò ni ọjà rẹ̀ ń dúró sójú kan.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates rí àyè láti díje, ó sì gba àga 28 nínú 109. Ó ráhùn nípa àbájáde, ṣùgbọ́n kò sí irú ìjà ti ọdún 2019. Òṣèlú kan náà ni, ará ìlú kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kọ́ kan náà wà lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbà pé wọ́n jí ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Wẹ́tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ológun gba ìjọba. Ní ọdún 1983, wọ́n kéde Ọmọ́bọ́ríowó dípò Ajásin ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ sì gbiná. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajásin, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kò lè dá òkú padà. Ní Tógò, lẹ́yìn ìbò oṣù kẹrin ọdún 2005, àwọn aṣèwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka òkú láàárín 400 sí 500, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì sá wá bá wa ní Bẹ̀nẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kò gbà pé ìwà ẹhànnà ni ó ń fa èyí. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Léonard Wantchékon. Ní ọdún 2001, ó lo ìbò Ààrẹ wa fún ìwádìí, ó sì rí i pé ìlérí ohun tí yóò wọ ọwọ́ ìlú ẹni máa ń fa ìbò ju ọ̀rọ̀ ire gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Bí ìjọba bá jẹ́ àwo oúnjẹ tí ẹni tó borí nìkan ń jẹ, ẹni tó pàdánù yóò rò pé ebi ni ó kan òun, yóò sì jà. Paul Collier àti Pedro Vicente wo ìbò ọdún 2007 ní Nàìjíríà. Àjọ ActionAid lọ sí àwọn àdúgbò kan, ó ṣe ìpàdé àti eré ìtàgé lòdì sí jàgídíjàgan. Níbi tí wọ́n dé, ẹ̀rù dín kù, ìjà rọ̀, ènìyàn púpọ̀ sì jáde dìbò. Èyí fi hàn pé ìdáyàfoni ni ohun èlò ìjà náà, àti pé ìmọ̀ tí gbogbo àdúgbò jọ ní lè gba ohun èlò náà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ohun kan tún kù: ìdájọ́. Ní ìparí ọdún 2019, wọ́n ṣe òfin ìdáríjì lórí ìjà ìbò náà. Ó tú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n sílẹ̀, èyí dára. Ṣùgbọ́n ó tún ti ìwé lórí ẹni tó yìnbọn. Ìdílé tí kò mọ ẹni tó pa ọmọ wọn kò lè gbàgbé, ẹni tó yìnbọn náà kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ kankan.

Kí ni tiwa? Kì í ṣe ọwọ́ wa ni òfin ìdìbò wà, ṣùgbọ́n a lè kà á. Gbangba ni òfin ní kí wọ́n ti máa ka ìbò. Ẹni tó mọ̀ọ́kà lè dúró, kí ó kọ iye tí wọ́n kà sílẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ fún àwọn ará rẹ̀ kí àhesọ tó dé. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọ yín léèrè ẹni tó fún un lówó láti lọ dí ọ̀nà, àti ibi tí ọmọ ẹni náà wà lọ́jọ́ ìjà. Àwọn àgbà wa sọ pé ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò, ẹ rántí ọ̀rọ̀ wọn kejì: ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ló ń yọ ọfà nínú apó. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kò sí ẹni tí yóò fọ́ ilẹ̀kùn tí ó ṣí.