Orúkọ àti Àdírẹ́sì: Bí Git Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà Dé Òkèèrè

Git ni irinṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ìtàn iṣẹ́ wọn. Nígbàkígbà tí òṣìṣẹ́ bá ní kí ó gba iṣẹ́ sílẹ̀, yóò kọ ohun tó yí padà, ẹni tó yí i padà, àti ọjọ́ àti aago rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní commit. Gbogbo commit pọ̀ mọ́ fáìlì iṣẹ́ náà ló di repo. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó dá Linux sílẹ̀, ló ṣe Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí BitKeeper, irinṣẹ́ tí òun àtàwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, kò ṣeé lò lọ́fẹ̀ẹ́ fún wọn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ Linux fọ́n káàkiri ayé, nítorí náà ó ṣe é lọ́nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ní odindi ìtàn náà, láti commit àkọ́kọ́, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Bí ẹ̀dà bá pọ̀ báyìí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èkejì wà. Ohun tí Git fi ń ṣe èyí kò ju orúkọ kan àti àdírẹ́sì kan lọ. Òun ni wọ́n ń pè ní remote. Remote kì í ṣe wáyà tó so kọ̀ǹpútà méjì pọ̀ tọ̀sán-tòru. Nọ́ńbà tí èèyàn kọ sínú fóònù ló jọ: ẹni tó ni nọ́ńbà kò mọ̀ títí a ó fi pè é. Inú fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ config, nínú fódà .git, ni Git ń kọ ọ́ sí, “git remote -v” sì ni àṣẹ tó ń ka gbogbo rẹ̀ síta.

Origin àti upstream

Ẹni tó bá fi “git clone” gba ẹ̀dà repo kan wá kò ní láti kọ àdírẹ́sì fúnra rẹ̀. Git á ti bá a kọ ibi tí ẹ̀dà náà ti wá, á sì sọ ọ́ ní origin. Kò sí agbára kankan nínú orúkọ yìí. Àṣà ni, a sì lè pa á dà. Ẹni tó dá repo sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ “git remote add origin”, kí ó tó fi àdírẹ́sì tẹ̀ lé e.

Repo kan lè ní remote méjì tàbí mẹ́ta, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ló sì sábà ń fà á. Àpẹẹrẹ kan ni Masakhane, ẹgbẹ́ olùwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 láti mú kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè Áfíríkà. Ní 2021, wọ́n gbé MasakhaNER jáde: àkójọ ìròyìn ní èdè mẹ́wàá, Yorùbá, Haúsá àti Ígbò pẹ̀lú, tí wọ́n ti sàmì sí orúkọ èèyàn, orúkọ ibi, orúkọ àjọ àti ọjọ́ inú rẹ̀. Orí GitHub ni wọ́n kó o sí, ibi ìpamọ́ tó ṣílẹ̀kùn ní 2008 tí Microsoft sì rà ní 2018.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Olusegun Agagu University of Science and Technology, ní Òkìtìpupa, fẹ́ tún àmì orúkọ ìlú kan ṣe nínú àkójọ náà. Kò ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú repo Masakhane. Yóò kọ́kọ́ ṣe fork, ìyẹn ẹ̀dà tirẹ̀ lórí GitHub, yóò sì clone ẹ̀dà yìí sórí laptop rẹ̀. Ẹ̀dà tirẹ̀ yìí ló di origin. Lẹ́yìn náà ni yóò fi “git remote add upstream” kọ àdírẹ́sì Masakhane gan-an, bí ẹni ń tọ́ka sí òkè ibi tí odò ti ń ṣàn bọ̀. Láti upstream ni yóò ti máa gba ohun tuntun. Origin ni yóò máa gbé iṣẹ́ tirẹ̀ sí, kí ó tó fi pull request sọ fún Masakhane pé kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ ní gbígbà. Bí ó bá ṣèèṣì gbé e lọ sí upstream tààrà, ẹnu ọ̀nà ni wọn yóò ti dá a padà.

Lílọ àti bíbọ̀

Iṣẹ́ mẹ́ta ni àdírẹ́sì yìí wà fún jù lọ. “Git fetch” ń lọ kó commit tí kò tíì sí nílé wá, ó sì ń tò wọ́n sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ remote, bíi origin/main fún ẹ̀ka (ọ̀nà iṣẹ́ kan) tó ń jẹ́ main, láìfọwọ́ kan iṣẹ́ tí à ń ṣe lọ́wọ́. “Git pull” ń ṣe fetch, ó sì ń da ohun tó kó dé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. “Git push” ń gbé commit ilé lọ síta. Ohun tí a bá rí lábẹ́ origin/main kì í ṣe ohun tó wà lókèèrè nísinsìnyí; bí ó bá ti di ọjọ́ mẹ́ta tí Git ti lọ gbẹ̀yìn, ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni.

Nígbà mìíràn, remote á kọ ohun tí a gbé wá, torí pé ẹlòmíràn ti gbé tirẹ̀ débẹ̀ ṣáájú. Ojútùú ni pé kí a fetch, kí a da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, kí a tó tún gbé e lọ. Bí a bá fi “--force” wọlé tipátipá, a ti gbá iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ kúrò lórí ẹ̀ka náà. “--force-with-lease” ní ìkóra-ẹni-níjàánu díẹ̀: kò ní gbà bí remote bá ti yàtọ̀ sí bí a ṣe rí i gbẹ̀yìn.

Nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì bá lọ

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ìtòsí etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹ́kun tàbí kó falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tó ń lo Git lè máa ṣe commit lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kó dá ẹ̀ka tuntun sílẹ̀, kó sì ka ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, torí orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Kìkì ìgbà tó bá fẹ́ fetch, pull tàbí push ni yóò mọ̀ pé ọ̀nà ti dí.

Àǹfààní yìí kò kéré ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tí Òkìtìpupa wà nínú rẹ̀, níbi tí àìsí iná ìjọba ti jẹ́ ìṣòro ọlọ́dún gbọọrọ, tí laptop ń jẹun lára jẹnẹrétọ̀ àti sólà. Nítorí pé remote kò ju àdírẹ́sì lọ, kò pọn dandan kí ó jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì. Fódà inú flash lè jẹ́ remote. “Git init --bare” ń dá repo tó jẹ́ ìtàn nìkan, tí ẹnikẹ́ni kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, sínú flash náà; “git remote add flash”, pẹ̀lú ọ̀nà tó lọ sí fódà yẹn, ló kù. Ẹni tó wà ní Òkìtìpupa á push sínú rẹ̀, á fi í rán ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Ìrèlè, onítọ̀hún á sì pull, láìná kọ́bọ̀ lórí data. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá wà ṣùgbọ́n tí data wọ́n, “git clone --depth 1” ń kó ipò tí iṣẹ́ wà báyìí wá láìkó gbogbo ìtàn ẹ̀yìn.

Àdírẹ́sì tó yí padà

Orúkọ a máa yí padà. Ondo State University of Science and Technology ni yunifásítì Òkìtìpupa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, OSUSTECH lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó tó di OAUSTECH. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ni repo lórí GitHub, àdírẹ́sì á yí padà tẹ̀ lé orúkọ. GitHub máa ń darí ẹni tó bá lo àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gba orúkọ àtijọ́ náà, tó sì dá repo olórúkọ kan náà sílẹ̀, ìdarí yẹn ti tán. “Git remote set-url origin”, pẹ̀lú àdírẹ́sì tuntun, ni àtúnṣe rẹ̀. “Git remote rename” ń yí orúkọ remote padà.

Irú àdírẹ́sì tún ń pinnu bí a ó ṣe fi hàn pé àwa ni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ń béèrè token, torí GitHub kò gba password fún irú iṣẹ́ yìí mọ́ láti ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ti SSH ń lo kọ́kọ́rọ́ méjì: ọ̀kan kì í kúrò lórí kọ̀ǹpútà, èkejì ni a ń fún GitHub. Kò yẹ kí a kọ token mọ́ inú àdírẹ́sì, nítorí gbangba ló máa wà nínú config, ẹnikẹ́ni tó bá sì ṣí fáìlì náà lè kà á.

Remote tí a kò lò mọ́ yẹ ní yíyọ kúrò, kí a má baà gbé iṣẹ́ lọ síbi tí kò yẹ. “Git remote remove” ń pa orúkọ, àdírẹ́sì àti àkọsílẹ̀ ohun tí a rí níbẹ̀ gbẹ̀yìn rẹ́. Repo tó wà lókèèrè kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀: nọ́ńbà ni a yọ nínú fóònù, ẹni tó ni ín wà níbi tó wà.