Láti Òfin sí Orí Ìtàgé: Ta Ni Wọ́n Ń Gbà?

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Òfin, ní Ṣàgámù, tó ń lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, lè gba Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn kọjá. Lára yunifásítì tó wà lójú ọ̀nà yẹn ni Babcock ní Ìlíṣàn, tó gba ìwé àṣẹ ní 1999, àti Olabisi Onabanjo ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìrìn náà kò jìnnà. Àmọ́ ọmọ tó ń kọrin, tó ń jó, tó tún ń ṣeré, tó sì fẹ́ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba dìgírì, ọ̀nà tirẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gbé abẹ́ òrùlé kan. Eré orí ìtàgé wà lẹ́ka tirẹ̀, orin wà lẹ́ka tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ méjèèjì ni yóò wá bí òun yóò ṣe so wọ́n pọ̀.

Ìpín yìí yani lẹ́nu, torí eré Yorùbá kò ya orin sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Hubert Ogunde, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ torí eré, dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní 1945, ó sì sọ ọ́ ní African Music Research Party. Orin wà nínú orúkọ náà. Eré kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ní 1946, nígbà tó ń múra eré Tiger's Empire, ó kéde pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa gbowó iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣèré. Nǹkan tuntun gbáà ni nígbà náà. Ẹni tó bá jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbé orin, kó gbé ẹsẹ̀, kó sì sọ̀rọ̀ tí ará ẹ̀yìn yóò gbọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò dá ẹ̀kọ́ dúró: ní 1947, òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí London, wọ́n sì kọ́ ijó àwọn òyìnbó tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà lu ilẹ̀.

Ilé-ìwé wá dé. Ní nǹkan bí 1962, Yunifásítì Ìbàdàn dá School of Drama sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà, Geoffrey Axworthy sì ni olórí àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba Kọ́lá Ògúnmọ́lá wọlé, ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ti gbajúmọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kó tó dé ọgbà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fojú rí ni wọ́n fi gbà á. Ibẹ̀ ni Ọ̀mùtí ti jáde ní 1963, eré olórin tí Demas Nwoko ṣètò ìtàgé rẹ̀. Bí Ògúnmọ́lá bá padà wá lónìí pẹ̀lú gbogbo òkìkí yẹn, kọ̀ǹpútà JAMB ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

JAMB, àjọ ìdánwò ìgbàwọlé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, kò ní etí tí yóò fi gbọ́ orin. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ìdánwò UTME, ọgọ́rùn-ún máàkì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400 lápapọ̀. Fún Theatre Arts, Gẹ̀ẹ́sì pọndandan bó ṣe rí fún gbogbo èèyàn, Lítíréṣọ̀ náà kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Ìbàdàn kì í wo ẹni tí kò bá ní 200. Kírẹ́díìtì márùn-ún láti WAEC tàbí NECO tún ń dúró lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni yunifásítì kọ̀ọ̀kan yóò tún ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, níbi tí ẹ̀ka kan lè ti ní kí ọmọ wá fojú hàn, kó sọ̀rọ̀, kó ṣe eré díẹ̀, tí ẹ̀ka mìíràn kò sì ní béèrè ju ìwé lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ olóhùn iyọ̀ ló ti padà sílé láìjẹ́ pé ẹnì kan gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀rín lè pa ẹni tó bá rò ó pé àpèjúwe nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dán oníjó wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ dànù tán. Òṣèré tí kò lè ka ìwé eré kó yé e kò ní lè ṣe é.

Ẹni tó bá ní ọ̀dọ̀ orin lòun yóò gbà wọlé yóò bá ìṣòro mìíràn pàdé. Yunifásítì Nsukka ti ń kọ́ni lórin láti 1961, Ifẹ̀ àti Èkó náà ń kọ́ni, àmọ́ ẹni tó mọ ìwé orin kà ni irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ń wá. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tí Òfin wà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé-ìwé orin àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ, Áńgílíkà ni o, Mẹ́tọ́díìsì ni o, Kérúbù àti Séráfù ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń gba ohùn kejì àti bí a ṣe ń dúró níwájú èrò tí ẹsẹ̀ kò fi ní gbọ̀n. Ọmọ tó dàgbà sínú wákà àti orin àsàlátù ní irú ẹ̀kọ́ yẹn pẹ̀lú. Àmọ́ sọ́fà, dò-rè-mí, ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ akọrin fi ń kọ́ orin, ìlà márùn-ún pẹ̀lú nóòtì lórí rẹ̀ sì ni wọn yóò gbé síwájú ọmọ lọ́jọ́ ìdánwò. Ìṣòro tó ṣeé yanjú ni. Ẹni tó ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì sábà máa ń mọ̀ ọ́n kà, yóò sì kọ́ ọmọ tó bá bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìsìn.

Ibi tó jọ ọ́díṣọ̀n gidi tí kò sì jìnnà sí wa ni ilé-ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Onikan, l'Ékòó. Dípúlómà ọdún méjì ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe dìgírì, àmọ́ láti 2006 ni MTN Foundation ti ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yege lọ́wọ́ lórí owó ẹ̀kọ́. Níbẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ kọrin tàbí kó lo ohun èlò tó mọ̀ jù níwájú àwọn olùkọ́. Ẹni tí JAMB já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀fun ló ń ṣíwájú ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ orin Yunifásítì Cincinnati bẹ̀rẹ̀ dìgírì eré olórin ní 1968, Michigan, Carnegie Mellon àti ọ̀pọ̀ mìíràn sì ní tiwọn. Fídíò ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè: orin méjì tí kò jọra, ọ̀rọ̀ ẹnìkan láti inú eré, àti ijó. Ẹni tí fídíò rẹ̀ bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè. Láàárín oṣù kìíní sí ìkejì ọdún, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń kóra jọ sí New York, Chicago àti Los Angeles kí wọ́n lè gbọ́ àwọn ọmọ náà níbì kan. Ní àwọn tó lórúkọ jù, èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lè máa du nǹkan bí ogún àyè. Àyè náà kéré nítorí pé olùkọ́ ohùn ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, eré tí wọ́n sì lè gbé jáde lọ́dún kò pọ̀. Wọ́n tún ń kó kíláàsì jọ bí ẹni tó ń kó òṣèré jọ fún eré kan: tí olóhùn òkè bá ti pọ̀ jù, olóhùn òkè tó dára lè bọ́ sẹ́yìn fún olóhùn ìsàlẹ̀ tí kò tó o. Ìyẹn ni wọn kì í kọ sínú lẹ́tà “a kẹ́dùn.”

Ní London, ilé-ẹ̀kọ́ eré Mountview, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 bíi ti ẹgbẹ́ Ogunde, kó lọ sí Peckham ní 2018, àdúgbò tí iṣu àti èdè Yorùbá kò ti wọ́n. Ọmọ Rẹ́mọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ́díṣọ̀n. Ti Òfin yóò ro ti físà, ti ọkọ̀ òfurufú àti ti owó ẹ̀kọ́ àlejò.

Nínú yàrá náà fúnra rẹ̀, àkókò kì í pọ̀. Báà mẹ́rìndínlógún orin ni wọ́n sábà ń béèrè, tàbí méjìlélọ́gbọ̀n, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti fi ìyìn ṣí orin kó tó dé ibi tó dùn yóò gbọ́ “ó tó, a dúpẹ́” kó tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tó dùn yẹn gan-an ni kó ti gbé e. Makirofóònù kò sì sábà sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kọ́ orin pẹ̀lú makirofóònù lọ́wọ́ àti ẹ̀rọ tó ń mú ohùn dún bí ẹni tó wà nínú kànga. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ wọn, ohùn á rọ̀, wọn ò sì ní mọ ibi tí wọn yóò kó ọwọ́ sí. Àwọn mìíràn á máa lọ́ ohùn sókè sódò títí ọ̀rọ̀ orin á fi sọnù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ni eré olórin fi ń pìtàn. Orin opó àádọ́ta ọdún kò sì bá ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún mu, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ tó.

Bó bá ṣe tán, ẹni tó ń wò ó lè ní: “Tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ṣe bíi pé ìyá rẹ lò ń bẹ̀.” Àwọn ọmọ kan á rò pé àwọn ti kùnà. Ìròyìn rere ni. Ẹni tí wọn kò fẹ́, wọn kì í fi àkókò wọn ṣòfò lé e lórí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà ṣeé kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ijó tún ní tirẹ̀. Oníjó tiwa ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ dáhùn. Níbi ọ́díṣọ̀n, oókan sí ẹẹ́jọ ni wọ́n ń kà, gbogbo ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ bá iye mu, àti pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ijó náà. Ẹni tó mọ ijó gan-an lè ṣìnà níbẹ̀ tí kò bá tíì kọ́ kíkà yẹn.

Iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀. Eré olórin Fela! wọ Broadway ní 2009, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Tony mẹ́ta ní 2010, ó sì dé Èkó ní 2011. Bolanle Austen-Peters gbé Saro jáde ní 2013, ó gbé Wakaa lọ sí London ní 2016. Níbi tí wọ́n ti ń yan òṣèré fún irú eré wọ̀nyí, ohùn àti ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lé.

Ẹni tó fẹ́ gbìyànjú ilé àti òkèèrè pọ̀ ní láti kíyè sí oṣù. Fídíò Amẹ́ríkà sábà máa ń parí ní oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, fọ́ọ̀mù JAMB máa ń jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, WAEC sì ń tẹ̀ lé e. Ìsinmi tó ṣáájú SS3 ni ó yẹ kí ọmọ ti yan orin, kó sì ti ya fídíò. Fóònù tó ń yàwòrán dáadáa ti tó, nínú yàrá tó mọ́lẹ̀, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò wọ̀. Kò di dandan kí wọ́n pe oníkámẹ́rà ìgbéyàwó.