Ààlà Inú Afẹ́fẹ́: Àlàyé Lórí Ọ̀wọ́ Ìgbì Rédíò ní Èkó

Ẹni tí ó bá tan rédíò ìléwọ́ tí ń wá ìkànnì fúnra rẹ̀ ní Sùúrùlérè tàbí ní Múṣin yóò rí i tí nọ́ńbà ń sáré lójú rẹ̀, títí tí yóò fi dúró níbi tí ohùn wà. Àlàyé nọ́ńbà wọ̀nyí, àti ìdí tí ààlà àárín wọn fi kan ẹ̀mí ènìyàn, ni pépà yìí dá lé.

Iye ìgbà tí ìgbì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni nọ́ńbà náà ń sọ. Megahertz kan jẹ́ ìgbà 1,000,000. Rédíò Yunifásítì Èkó ní Akọka, Yábàá, wà lórí 103.1. Bí a bá fi 103.1 pín 300, a ó rí gígùn ìgbì rẹ̀: bíi mítà 2.9.

A pín àwọn ìgbì yìí ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Láti 87.5 dé 108 ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ FM. Láti 108 dé 118 ni ti àwọn ẹ̀rọ tí ń fọ̀nà han ọkọ̀ òfuurufú. Láti 118 dé 137 ni awakọ̀ òfuurufú àti àwọn tí ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orí 156.8 sì ni ọkọ̀ ojú omi ti ń ké fún ìrànlọ́wọ́.

Ọ̀nà tí ohùn gbà wọnú ìgbì tún yàtọ̀. Ní FM, iye ìgbọ̀n ìgbì ni ó ń yí padà. Ní AM, agbára rẹ̀ ni. AM ni awakọ̀ òfuurufú ń lò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dé 118 láì yí rédíò rẹ̀ sí AM kò ní gbọ́ wọn já geere.

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Ibi tí FM parí sí gan-an ni ti ọkọ̀ òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìgbì 107 àti 103 tí ó lágbára bá dàpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a kò tọ́jú, wọ́n lè bí ìgbì mìíràn: ìlọ́po méjì 107 jẹ́ 214; bí a bá yọ 103 kúrò, ó ku 111. Àárín ọ̀wọ́ afọ̀nàhàn ni 111 bọ́ sí. Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò sì jìnnà sí Múṣin.

Èyí ni ó fi yẹ kí ìjọba máa pín ìgbì, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Láti 1992 tí a ti dá àjọ NBC sílẹ̀ ni ó ti ń bójú tó ìgbohùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ agbóhùnjáde kalẹ̀ láìgbàṣẹ kò mọ oko ẹni tí òun ń tẹ̀.